Ọkọ̀ Ládélé Tó Kọjú Sókè

Ilẹ̀ àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́ kò tẹ́jú. Bí o bá da omi ìfọṣọ nù lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ̀yìnkùlé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni yóò ti sinmi, wọn yóò sì bú ọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ́tò wa fi ní àṣà kan. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń ṣe ségesège kì í gbé e síbi tó tẹ́jú. Yóò gbé e sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò kọ imú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, yóò fi òkúta há táyà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò yọ òkúta kúrò, ọkọ̀ yóò máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi jí. Kò ní pe ẹnikẹ́ni wá tì í. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá dojú kọ ìsàlẹ̀, ọkọ̀ aláìsàn ni.

Ládélé fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó kòkó láti Ọ̀rùn àti Ìsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ díísù àtijọ́ ni, oníbọ́ọ̀tù gbọọrọ. Ojú kan náà ló máa ń gbé e sí ní ìrọ̀lẹ́, níwájú géètì rẹ̀, imú sí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, òjò kò sì fọ̀ ọ́ rí. Òdìkejì títì ni èmi ti ń ránṣọ, ẹ̀rọ mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà wọn, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mo ní láti bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mi ò kì í ṣe olófòófó. Ojú mi kàn là ni.

Mojírádé ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, díákónì ni ní ìjọ wa, obìnrin tó máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ìnujú kó tó fi nu òógùn ni pẹ̀lú. Ó kórìíra ibi tí ọkọ rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ sí. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́ léraléra pé ọkọ̀ díákónì kò gbọdọ̀ dojú bolẹ̀ lójú títì bí ọ̀mùtí. Ládélé á rẹ́rìn-ín, á sì fi òkúta há táyà rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ mú Ládélé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú tipiri, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, ohun méjì ni Mojírádé ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ṣí géètì gbayawu, ó wa ọkọ̀ wọ inú ọgbà, ó jẹ́ kí imú rẹ̀ gun òkè kọjú sí ilé, bí ọkọ̀ ẹni tó níyì. Ó sì gbé àga ọkọ rẹ̀ sí fàráńdà, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, kí àwọn tó ń kọjá má baà máa wo ẹnu rẹ̀ tó wọ́. Ojú mi rí méjèèjì. Mi ò dá a lẹ́bi. Ìtìjú kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú.

Láti ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ní àárọ̀, Mojírádé yóò yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa kérora, yóò kérora títí bátìrì yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn yóò jí níkẹyìn, yóò gbọ̀n jìgìjìgì, èéfín funfun yóò bo gbogbo aṣọ tí mo sá. Bó bá ti jí báyìí, kò tún ní dà á láàmú títí di ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ nìkan ló ń ya alágídí.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ sì ni wọ́n ń gbé Ládélé lọ sí Adó, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ìrìn bí ọmọ tuntun. Kò lè jókòó sórí ọ̀kadà. Àwọn awakọ̀ takisí kò fẹ́ gbé e, wọ́n ní ìdúró pẹ́ jù, àti pé ta ni yóò bá wọn gbé e wọlé. Ọkọ̀ yẹn nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọn kò lè lọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, nọ́ọ̀sì bá Mojírádé sọ ọ́ láìfi bò: bí wọ́n bá tún pa ọjọ́ ìtọ́jú kan jẹ, ẹsẹ̀ náà yóò le gan, kò sì ní nà mọ́.

Ó ránṣẹ́ pe Táyé, mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Táyé pààrọ̀ bátìrì. Ó pààrọ̀ àwọn ohun tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná ní àárọ̀. Ó tú àwọn nọ́sù tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ wọ́n, ó dá wọn padà. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣe é, Ládélé yóò ti yí ọrùn kúrò níbi ògiri, yóò na ọwọ́ òsì sí ọkọ̀, yóò yí àtẹ́lẹwọ́ po, yóò sì tì í sí ọ̀nà géètì. Yóò tún ṣe é. Omi yóò máa bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é.

"Kí ló ń wí?" ni Táyé bi í.

"Ó ní kí n gbé e jáde," ni Mojírádé dáhùn. "Kò fẹ́ kí n wà á. Láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn gidi.

Níkẹyìn Táyé nu ọwọ́. "Mọ̀mí, mé è ní purọ́ fún in. Ọkọ̀ yí ti gbó. In tà á fún àwọn onírin."

Ó mọ onírin kan ní Àkúrẹ́ tó máa ń fi tírélà kó òkú ọkọ̀. Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mojírádé ní òun ti gbà. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí. Mo bá a jókòó.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Sátidé náà ni nǹkan yí padà. Mojírádé pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì torí ọkọ̀, gbogbo ibi tó tẹ́jú ti kún. Ẹ̀gbẹ́ títì tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò ló rí gbé e sí, imú sí ìsàlẹ̀, ó sì fi ìtìjú wọlé. Ìsìn ọjọ́ náà pẹ́, nítorí ìkórè ni. Ẹ́ńjìnnì ti tutù bí omi àmù kí wọ́n tó jáde. Ó yí kọ́kọ́rọ́, kí ó tó mí, ọkọ̀ ti jí. Kò kérora, kò rú èéfín.

Ẹ wo díákónì mi bí ó ti ń kọrin wọ àdúgbò. Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, ó dìde, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti wo ọkọ̀ òun sàn. Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Mo wà níbẹ̀, mo jó pẹ̀lú wọn. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ti wọ Ládélé láṣọ, wọ́n ti gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n tún gbé e padà sórí àga. Obìnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì ni Táyé wá láti múra ọkọ̀ sílẹ̀ de onírin. Èmi náà gbé aṣọ Mojírádé tí mo ti rán tán lọ fún un, n kò sì yára padà.

"Táyé, kí ni Ọlọ́un fẹ́ kí n rò?" ni Mojírádé wí pẹ̀lú ìbínú. "Ó jí ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ọkọ̀ tuntun. Ó dé ulé, ó di òkúta."

Táyé ti fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dúró. "Níbo lin gbé e sí ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ̀gbẹ́ títì."

"Imú rẹ̀ ńkọ́? Òkè lin kọ ọ́ sí àbí ulẹ̀?"

"Ulẹ̀ ni. Kò síbòmíràn."

Táyé fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó wo ọkọ̀ tó kọjú sókè, ó wo géètì, ó wo ilẹ̀ dúdú tó wà níwájú géètì. Ó wá bẹ̀ wá, a jọ tì í jáde, ó fi imú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ ní ojú ibi tí Ládélé máa ń gbé e sí. Ó fi ọwọ́ fa epo kún pọ́m̀pù tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, ó jí ọkọ̀, ó tún pa á, ó ní kí a fi í sílẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi tutù dáadáa. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kò tí ì yí kọ́kọ́rọ́ tán tí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pè wá wò. Rọ́bà kan wà tó ń gbé díísù láti tánkì lẹ́yìn wá sí iwájú. Lábẹ́ irin tó fún un mọ́ra, ó ti gbó, ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Díísù ń sun jáde níbẹ̀, ó ń kán tò tò sórí ilẹ̀ dúdú náà. Táyé ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Bí imú ọkọ̀ bá wà nísàlẹ̀, tánkì ló ga jù, epo yóò dúró nínú rọ́bà, ìwọ̀nba ni yóò kán sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí imú bá gun òkè, atẹ́gùn yóò gba ibi tó sán yẹn wọlé, gbogbo epo yóò sì ṣàn padà sínú tánkì. Ní àárọ̀, atẹ́gùn lásán ni ẹ́ńjìnnì ń mu. Kò sì sí ẹni tó lè rí i, torí bí ó bá wà báyẹn kì í kán sílẹ̀ rárá. Láti fi dá wa lójú, ó tún kọ imú ọkọ̀ sókè, ó fi rọ́bà funfun tó mọ́ gaara so mọ́ iwájú pọ́m̀pù, ó ní kí Mojírádé yí kọ́kọ́rọ́. Ìfófòó ló ń sáré kọjá nínú rọ́bà náà, bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí mínírà.

"A á jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti sán," ni mo wí.

"Ó pẹ́," ni Táyé dáhùn. "Bàbá mọ̀ pé kì í jí tó bá kọjú sókè. Bóyá kò mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ó mọ̀."

Mojírádé yí padà. Fàráńdà ló ń wò. Ládélé ti yí ọrùn títí iṣan rẹ̀ fi le, ó ń wo ọkọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nà sí i. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ po, ó tì í sí ọ̀nà géètì.

"Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀," ni obìnrin náà wí. "Gbogbo ìgbà yí, ó ń sọ ọ́ fún mi."

Táyé pààrọ̀ rọ́bà náà kí oòrùn tó wọ̀, ó fi irin tuntun fún un mọ́ra. Ó pe onírin lórí fóònù pé kó má wulẹ̀ wá. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ń jí yálà imú gun òkè ni tàbí ó dojú kọlẹ̀, wọn kò sì pa Ọjọ́bọ̀ kankan jẹ mọ́. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni mo fẹ́ parí sí.

Mojírádé gun àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àga ọkọ rẹ̀, ní àyè tóóró tó wà láàárín òun àti ògiri. Ó di ọwọ́ òsì náà mú. "Bàbá Dámilọ́lá, in jọ̀ọ́. Kí lin tún ń wí fún mi tí mé è gbọ́?"

Ládélé wò ó. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ yọ, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ po, ó sì nà án sí ọ̀nà títì.

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó dìde, ó di àga mú, mo sáré bá a gbé e, a yí i kúrò níbi ògiri, a kọ ojú rẹ̀ sí ìta. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń kọjá pẹ̀lú ẹrù wọn. Bàbá kan rí i, ó dúró lójú títì, ó kí i ní orúkọ, ó béèrè ibi tó ti wà láti ọjọ́ yìí. Ládélé gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi ẹnu rẹ̀ tó wọ́ rẹ́rìn-ín sí i.