Ilẹ̀kùn Tí Káfíńtà Kàn Pa

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Àǹtí Oníwèé fi tọ́jú ilé ìkàwé kékeré kan. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ó gbé ìwé ìtàn kan wálé, nípa ìlú kan tí àrùn jà láyé àtijọ́. Ó ti kà á rí nígbà èwe. Ibi tí àwọn aráàdúgbò ti kan ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn sínú ilé, tí òùngbẹ sì pa á kí àìsàn tó pa á, ó rò nígbà náà pé òǹkọ̀wé ti bù mọ́ ọn jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìró òòlù, ó yọjú. Télọ̀ tó ń gbé ní yàrá òdìkejì àti ìyàwó rẹ̀ ti ń wúkọ́ láti ìjẹta. Àwọn ayálégbé ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ẹ̀rọ omi. Wàyí o, ẹ̀gbọ́n Àǹtí gan-an, tó jẹ́ káfíńtà, ló ń kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn wọn. Àwọn yòókù dúró lókèèrè, wọ́n fọwọ́ bo imú. Aṣọ tí télọ̀ rán ló wà lọ́rùn mẹ́ta nínú wọn.

Àǹtí jáde sí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"À ń dáàbò bo ilé ni. Ṣebí ìwọ náà ń gbé ibí."

"Ta ló máa gbé omi fún wọn?"

Ìṣó míì ni káfíńtà mú.

"Mo ti ka ibi tọ́rọ̀ yìí máa já sí."

"Ìwé nìyẹn. Ayé lèyí."

Àǹtí wọlé, ó fi aṣọ di imú àti ẹnu, ó mú irin tó fi ń ṣí àpótí ìwé. Káfíńtà ti kàn án tán, ó ti lọ bá àwọn yòókù lókèèrè; kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà. Wọn ò fẹ́ sún mọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Ó fa gbogbo ìṣó yọ. Òórùn ìtọ̀ àti èébì kọlù ú. Garawa gbẹ táútáú. Ètè télọ̀ ti sán.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi gbé omi àti oúnjẹ fún wọn. Wọ́n yè. Òun náà wúkọ́ lọ́sẹ̀ kan. Ìyàwó télọ̀ nìkan ló béèrè rẹ̀.

Nígbà tí àrùn rọlẹ̀, àwọn ayálégbé tún kó aṣọ wá.

"Ẹ kú ewu o. Ṣebí gbogbo wa la jọ gbàdúrà fún yín."

Télọ̀ mú tépù, ó wọ̀n wọ́n. Àǹtí tutọ́ sílẹ̀, ó wọlé.

Káfíńtà tẹ̀ lé e. "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá."

"Kò kọjá lára mi, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ṣì ń kí i láràárọ̀, torí ẹ̀gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.