Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Lórí Àpáta

Ẹni tó bá mọ bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní Ṣàngó á mọ̀ pé kò ga rárá. Àwọn aboyún ń gùn ún, àwọn tó ru agbọ̀n tòmátì ń gùn ún. Èmi kì í gùn ún. Abẹ́ ni mo máa ń gbà, láàárín tírélà àti ọ̀kadà, màá na ọwọ́ sókè bí ọlọ́pàá ojú títì. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní àwọn tó ń tajà lórí bíríìjì ti dí ọ̀nà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ibi gíga máa ń bà mí, débi pé ó tẹ́ mi lọ́rùn kí tírélà gbá mi ju kí n bojú wolẹ̀ láti òkè lọ.

Ilé iṣẹ́ oníke ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà. À ń ṣe kẹ́tùlù, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga ike, ibi tí wọ́n ti ń kó wọn sí páálí ni mo wà. Nígbà kan, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe súpáfáísọ̀. Ọ́fíìsì súpáfáísọ̀ wà lókè, àtẹ̀gùn onírin ni wọ́n ń gbà débẹ̀, irú èyí tó ní ihò, tí èèyàn á máa rí ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá pé ìwé mi ò tó. Ó yìn mí pé mo ní ìrẹ̀lẹ̀. Ìwé mi ò tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló ń gun àtẹ̀gùn.

Ìlú kan ní Òkè-Ògùn ni ìyàwó mi ti wá, òkè ńlá kan sì wà lẹ́yìn ìlú wọn. Orí òkè yẹn ni àwọn baba ńlá wọn gbé nígbà ogun kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Nínú ilé tiwọn, ọkọ tí kò bá tíì bá ìyàwó rẹ̀ gòkè lọ wo ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀, àlejò ni. Wọn kì í fìyà jẹ àlejò o. Tí ọdún Iléyà bá dé, tí àwọn àna yòókù ń kun àgbò lẹ́yìnkùlé, tí àwọn àbúrò ìyàwó wọn ń bú wọn pé wọn ò mọ ọ̀bẹ mú, èmi á wà ní pálọ̀, lábẹ́ fáànù, pẹ̀lú àwo ẹran tèmi. Tí ẹbí bá sì jókòó lọ́jọ́ kejì ọdún láti sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n á rọra ti ilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́ mi kí ariwo wọn má baà dí mi lọ́wọ́.

Mo fẹ́ràn àwo ẹran yẹn. Ìyàwó mi ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun nìkan ni kì í ní ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìjókòó ẹbí, tó bá sì dá ìmọ̀ràn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní kó kọ́kọ́ lọ bi àlejò rẹ̀. Ọdọọdún ni mo ní àwáwí. Lọ́dún kan, orúnkún ni. Lọ́dún kan, ẹ̀yìn ni. Lọ́dún kan, mo ní dókítà sọ pé mi ò gbọdọ̀ gun ohunkóhun.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ fún wa ní ìsinmi ọdún tó gùn díẹ̀, a sì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún, ìyàwó mi wọ pálọ̀, ó gba àwo ẹran lọ́wọ́ mi.

"Bàbá Ìbejì, lọ́la ẹ ó bá mi gòkè."

"Ṣé o rí orúnkún mi yìí..."

"Orúnkún tó ń sá fún tírélà ní Ṣàngó?"

Mo na ọwọ́ sí àwo ẹran, ó gbé e sẹ́yìn.

"Ọ̀rọ̀ ilé bàbá mi ni wọ́n fẹ́ sọ lọ́la, bóyá kí wọ́n tà á. Mi ò ní jókòó síbẹ̀ bí opó mọ́."

Ọ̀rọ̀ opó yẹn wọ̀ mí lára. Èmi tí mo wà láàyè, tí mo ń jẹ ẹ̀dọ̀.

Bí oòrùn ṣe ń yọ la gbéra. Mo wọ bàtà ilé iṣẹ́ mi, èyí tí irin wà níwájú rẹ̀, bí ẹni pé òkè ló fẹ́ já lé mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ìyàwó mi wọ sálúbàtà, ó kó omi inú ọ̀rá àti mọ́ínmọ́ín sínú báàgì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kò burú. Igi wà lọ́tùn-ún lósì, mo ń rí nǹkan dì mú, mo tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Mo ní ká ní Ọ̀tà ni òkè yìí wà, wọn ì bá ti fọ́ ọ tà ní òkúta wẹ́wẹ́. Ó ní kí n tọ́jú èémí mi, màá nílò rẹ̀.

Ibi tí igi parí sí ni ọ̀rọ̀ mi náà parí sí. Àpáta lásán ló kù, ó yọ lọ sókè bí ẹ̀yìn erin, kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ṣòkòtò mi. Mo wá lọ bojú wẹ̀yìn. Mo rí páànù ilé wọn nísàlẹ̀, ó kéré bí ìdérí kẹ́tùlù. Ẹsẹ̀ mi ní òun ò lọ mọ́. Mo kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ náà ga jù. Ni mo bá na gbogbo ara mi sórí àpáta, mo fi àyà lé e, mo fi iwájú orí lé e, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú.

"Bàbá Ìbejì."

"Mo ń sinmi ni."

"Ẹ la ojú yín."

"Òun náà ń sinmi."

Ó jókòó tì mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní ọjọ́ tí òun rí mi ní Tóògéètì, tí mo fi ìbejì sábẹ́ apá méjèèjì, tí mo sáré la títì kọjá, tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń bú mi, bẹ́ẹ̀ bíríìjì wà lórí mi níbẹ̀, ọjọ́ yẹn ni òun mọ̀.

"Mo kàn ń retí kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ni," ó ní. "Tí kò bá ṣe é ṣe, ẹ jẹ́ ká padà. Mo lè dá jókòó síbẹ̀. Mo ti ń ṣe é bọ̀."

Kò tíì panu dé tí mo fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wọn. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan lórí òkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìdì igi lórí, sílípáàsì lásán ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Bàbá yìí ti ń ráhùn pé àwọn àna ìsinsìnyí kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́, pé ṣe ni wọ́n ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó wò mí níbi tí mo nà sí gbalaja níwájú rẹ̀.

Ó sọ igi kalẹ̀.

"Lórí àpáta," ó ní.

Ìyàwó mi wò mí, ó wò ó. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ọkọ mi ní òun fẹ́ kí yín."

"Mo rí i."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní Ọlọ́hun á gbé mi ga. Mo rọra bẹ Ọlọ́hun pé kó má tíì ṣe é báyìí. Ó ní ibi gíga ni wọ́n á ti máa wá mi. Mo ń ṣe àmín sínú òkúta. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ó tó."

Mi ò dìde.

"Dìde, mo ti gbà."

Mi ò dìde. Ó yíjú sí ìyàwó mi, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Irú ọmọ wo lèyí?"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Bàbá," ìyàwó mi dáhùn. "Kò ní dìde àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín fà á. Ẹ má sì tètè fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ kì í gbà á."

Bàbá na ọwọ́ sí mi, ọwọ́ tó gbẹ, tó le bí ẹ̀ka igi. Mo dì í mú, mi ò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó rò pé ìfẹ́ ni. Ó ní igi òun á dúró de òun, òun fúnra òun ló máa fi ilé hàn mí. Bí arúgbó ṣe fà mí gòkè nìyẹn, tí ìyàwó mi ń bọ̀ lẹ́yìn. Gìgísẹ̀ Bàbá nìkan ni mo ń wò. Sílípáàsì kan pupa, èkejì búlúù. Mo mọ gìgísẹ̀ ọkùnrin yẹn ju ti bàbá tó bí mi lọ.

Mi ò mọ̀ pé orí òkè lè tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Igi wà níbẹ̀, koríko wà, mo wá igi kan fẹ̀yìn tì. Bàbá fi òkúta tí wọ́n tò sílẹ̀ hàn mí, ó ní ìpìlẹ̀ ilé wọn nìyẹn. Ìyàwó mi fi ojú ọlọ kan hàn mí nínú àpáta, ihò tí àwọn ìyá wọn ti lọ nǹkan títí tó fi jìn. Ó ní ìyá bàbá òun ló fi í han òun nígbà tí òun wà ní kékeré. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi òjò wà níbẹ̀, ó tutù. A jókòó, a jẹ mọ́ínmọ́ín.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá igi rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ èyí, torí ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ṣòkòtò yẹn kò wúlò mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé àwo ẹran fún mi. Àbúrò ìyàwó mi kan nawọ́ ọ̀bẹ sí mi pé ẹni tó bá fẹ́ jẹun kó wá gé e. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ní mo mú ọ̀bẹ bí ẹni mú bírò. Bàbá Àgbà sọ ìtàn ìdọ̀bálẹ̀ mi fún gbogbo ilé, ó sì bù sí i: ó ní láti ibi tí igi parí sí ni mo ti ń fi àyà fà bọ̀. Wọ́n wò mí. Mo wo ìyàwó mi. Ó ń wo èékánná rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé, ìyàwó mi ní kí wọ́n má tà á, kí wọ́n tún yàrá ẹ̀yìn ṣe, kí wọ́n fi gba ayálégbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yíjú sí mi, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi lórí àga.

"Àna wa, kí lẹ rí sí i?"

Mo ní ohun tí ìyàwó mi sọ ni mo rí sí i. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ bi àlejò. Wọn ò tíì ta ilé náà di òní.

Nígbà tí a padà dé Ṣàngó, ọkọ̀ já wa sí òdìkejì títì. Mo ti na ọwọ́ sókè sí tírélà àkọ́kọ́ kí n tó rí i pé ìyàwó mi kò tẹ̀lé mi. Ó dúró nídìí bíríìjì, ó gbé báàgì kọ́ apá, ó gbé ike ẹran lérí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí n wá fà yín lọ́wọ́."

"Èèyàn ń wò wá."

"Wọ́n wò yín lórí àpáta náà."

Mi ò dọ̀bálẹ̀. Mo di okùn báàgì rẹ̀ mú, mo ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀, a sì ń gùn ún lọ. Nígbà tí a dé àárín, ọkùnrin kan tó ń ta àpò fóònù sún ọjà rẹ̀ sẹ́yìn fún wa.

"Wo bí bàbá yìí ṣe ń bá ìyàwó ẹ̀ gbé ẹrù," ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀. "Bàbá, Ọlọ́run á túbọ̀ gbé yín ga o."

Mi ò gbójú kúrò lára gìgísẹ̀. Ìyàwó mi ló bá mi ṣe àmín.