Igi Kànáfùrù Banun

Kalsum ẹ̀gbọ́n mi kò lówó, kò joyè, ṣùgbọ́n ẹnu ń bẹ. Bó bá ń bá ènìyàn wí lábúlé wa ní Hoamoal, ilẹ̀ kànáfùrù, apẹja tó wà lójú òkun á gbọ́. Ìgbà tí kànáfùrù bá yọ òdòdó nìkan ló máa ń rọra sọ̀rọ̀. Aboyún ni igi tó bá yọ òdòdó lọ́dọ̀ wa: a kì í pariwo nítòsí rẹ̀, ọkùnrin kì í sì í dé fìlà lábẹ́ rẹ̀.

Bí a bá bímọ, a máa ń gbin igi kan fún un. Ohun tó bá ṣe igi yóò ṣe ọmọ. Ti Banun, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí, wà lẹ́yìn ilé. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, igi yọ òdòdó, Banun náà sì lóyún, ó kù díẹ̀ kó bímọ.

Ọdún yẹn gan-an ni àwọn òyìnbó oníṣòwò ní kí wọ́n gé gbogbo kànáfùrù etíkun wa, kó má bàa pọ̀ lọ́jà ìlú wọn, kí owó rẹ̀ má bàa wálẹ̀. Mo ṣépè fún wọn nígbà náà. Inú ń bí mi títí dòní.

Òyìnbó kan wà láàárín wọn tí kò mú àáké dání. Oníṣègùn ni, ó ń ya àwòrán ewé àti òdòdó sórí ìwé kí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú rẹ̀ lè mọ̀ wọ́n. Ó ti bẹ ọ̀gá ọmọ ogun wọn pé kí wọ́n fi igi Banun sílẹ̀ títí òun á fi yà á tán. Bó ṣe dé ẹ̀yìn ilé, ẹ̀gbọ́n mi nàka sí i.

"Fìlà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé tọ aboyún nílùú yín nìyẹn?"

Ojú tì í. Ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Ìyá."

"Mi ò bínú. Jókòó. O ti jẹun?"

Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní ságò, oúnjẹ tí à ń fi ìyẹ̀fun inú igi ṣe, àti ọbẹ̀ ẹja, ló bá bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀. Lónìí, á ní ewé tó yà ti fẹ̀ jù. Lọ́la: "Ọwọ́ ẹ dáa o, ọmọ mi, àmọ́ òdòdó kọ́ nìyí, ojú ọ̀pọ̀lọ́ ni. Tún un yà." Ọkùnrin náà á sì tún un yà.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré."

"Duri, pa ẹnu ẹ dé! Tí wọ́n bá gé igi yẹn nígbà tí Banun ń rọbí, ta ló máa gbà á là? Ìwọ?"



Nígbà tó yá, sùúrù ọ̀gá ọmọ ogun tán. Ó rán àwọn aláàáké wá: bí oníṣègùn bá ti ya àwòrán tán lọ́jọ́ náà, kí wọ́n gé igi. Àárọ̀ yẹn ni Banun bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Ewé kan ṣoṣo ló kù lórí ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, òógùn bò ó, ó wo àwòrán náà, ó la ẹnu, kò rí àléébù kankan sọ. Ẹ̀rù bà mí. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Igbe Banun ta jáde látinú ilé. Oníṣègùn gbọ́. Ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá, ewé yìí fẹ̀ jù," ló wí. Ó fa ìwé náà ya, ó mú òmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò.

Àṣé ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí! Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, ó sáré padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n kí ọmọ tuntun tó ké. Obìnrin ni. Banun yè.

Èèyàn bíi tiwa ni àwọn aláàáké. Tipátipá ni àwọn òyìnbó fi mú wọn tukọ̀ wá. Gbogbo wọn ṣí fìlà kí wọ́n tó fi àáké gé e lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti wá sábẹ́ igi ṣáájú wọn, ó hú èhù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, ó fi aṣọ ọmọ wé e, kí ẹ̀mí Banun àti ti ọmọ náà lè wà lára rẹ̀.

Ó ti kú báyìí, ẹlẹ́nu mi àtàtà. Òfin ṣì wà pé a kò gbọdọ̀ gbin kànáfùrù, ọmọ ọjọ́ náà sì ti di ìyálọ́mọ. Bí ẹ bá bi mí níbi tí igi rẹ̀ wà, màá ní n kò mọ igi kankan. Ṣùgbọ́n ibì kan wà lórí òkè, bí mo bá ti ń dé ibẹ̀, mo máa ń ṣí fìlà.