Òǹtẹ̀ Ìdí Abọ́ Ṣúgà

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo ń ti ibi iṣẹ́ mi ní ọsibítù bọ̀, mo yà síbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé ládùúgbò wa ní Mitchellville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ra abọ́ ṣúgà kan tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n tí wọ́n fín ẹyẹ àti òdòdó sí gbogbo ara rẹ̀. Ọkọ mi wò ó, ó ní páànù ni.

Ìyá mi, tó wá kí wa láti Ìbàdàn, fi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tó dojú rẹ̀ dé, a rí òǹtẹ̀ méjì nídìí rẹ̀, wọn ò ju orí ìṣáná lọ. Mo ya fọ́tò wọn, mo sọ ọ́ di ńlá lójú fóònù. Lójú tèmi, ó kàn dà bí ibi tí nǹkan ti ha á ni. Ìyá mi wò ó títí, ó wá ń kà á láti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí òsì.

"Orúkọ èèyàn ni," ó ní. "Á jẹ́ pé òun ló rọ ọ́."

Ẹnu yà mí. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ó ní ilé kéú lòun lọ nígbà tóun wà lọ́mọdé, kóun tó fẹ́ bàbá mi, òun sì rò pé gbogbo rẹ̀ ti parẹ́ lórí òun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún orúkọ náà kà fún ọkọ mi.

Òǹtẹ̀ kejì ni ò yé e. Ó ní nọ́ńbà ni, pé mẹ́jọ ni ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ò rí irú èkejì rí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fi fọ́tò náà han obìnrin ará Ìráànì kan tó jẹ́ apòògùn lọ́sibítù wa. Ó ní mẹ́rin ni, pé báwọn ṣe ń kọ ọ́ yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni àmì tí wọ́n ń lù sára fàdákà gidi nílẹ̀ Páṣíà àtijọ́, tó di Ìráànì lónìí. Ó kìlọ̀ pé àwọn kan máa ń lu ayédèrú òǹtẹ̀, pé òun á fojú ara òun wo iṣẹ́ ọnà rẹ̀.

Ó wá sílé wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó wo ìyẹ́ àwọn ẹyẹ náà fínnífínní, ó ní ojúlówó ni. Òun àti ìyá mi ò gbọ́ èdè ara wọn. Síbẹ̀, ìyá mi á fọwọ́ tọ́ka sí lẹ́tà kan, á pè é. Obìnrin náà á pè é lọ́nà tiwọn, àwọn méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ní ká gbé abọ́ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì.

"Abọ́ ṣúgà ni," ìyá mi dáhùn. "Ẹ bu ṣúgà sí i, ká mu tíì."