Bẹ́líìtì tí Àtàndá Kò Dè Tán

Ẹ kò lè dárúkọ olóògbé Àtàndá ní àdúgbò Niangon kí ẹnìkan má na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè kó sì bú sẹ́rìn-ín. Ràmúlátù, opó rẹ̀, nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i. Inú ti ń bí i sí ọkùnrin náà kó tó kú, ikú rẹ̀ kò sì tu ìbínú náà lójú.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Qudirat ọmọ wọn ṣe ìgbéyàwó, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Àtàndá gbó. Tadjoudine mẹkáníìkì ní kó gbé ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ òun.

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, courroie yìí, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé. Tó bá fi eyín kan péré yẹ̀, ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́ ni."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Àtàndá gbaná jẹ. "Èmi tí mo ń to abọ́ tánganran dé àjà ní ọjà Adjamé tí ọ̀kan kì í fọ́! Ṣé rọ́bà lásán ló máa dá mi dúró?"

Ó tú u fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá. Kẹ̀kẹ́ eléyín kan wà lókè ẹ́ńjìnnì, òmíràn wà nísàlẹ̀, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Kéèyàn tó yọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ sàmì sára méjèèjì, kó lè mọ bí wọ́n ṣe dúró. Èyí yé Àtàndá. Ohun tí wọ́n fi ń sàmì ni kò yé e. Ó ní ọ̀dà máa ń ṣí, làálì ni kì í ṣí. Ló bá bu ìdajì làálì tí Ràmúlátù pò fún ẹsẹ̀ ìyàwó, ó fi ìka lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ó sì fi ọ̀rá wé e bí wọ́n ṣe ń wé ẹsẹ̀ obìnrin, pé kó mú dáadáa di ọjọ́ kejì.

Irin kò mú làálì. Ìka Àtàndá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló mú un.

Ó fojú wọ̀n ọ́n, ó de bẹ́líìtì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dún "gbàù!" lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Gbaka, bọ́ọ̀sì akérò, ni ìyàwó wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú làálì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún nìkan. Àwọn àna wo ẹsẹ̀ ọmọ, wọ́n wo ọwọ́ bàbá. Bàbá ìyàwó nìkan ni làálì rẹ̀ pé.

"Bàbá Qudirat, ẹ ti dójú tì mí!" Ràmúlátù pariwo.

"Làálì ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ," Àtàndá dá a lóhùn. "Ojúlówó ì bá mú irin."

Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Àtàndá kì í tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́dọ̀ Tadjoudine, gbogbo àdúgbò jáde wá wòran. Inú bí i débi pé ó búra níwájú gbogbo wọn: "Láéláé, ọkọ̀ mi kò tún ní gun ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn jáde nínú ilé yìí!"

Lọ́dún tó kọjá, bẹ́líìtì tún gbó. Àtàndá lọ ná tuntun ní Adjamé láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí.

"Vieux père, tu m'as fatigué!" ni oníṣòwò náà wí. "Ó ti sú mi. Mo gbà. Máa mú un lọ!"

"O gbà?" Àtàndá bínú. "Kí ló dé tó o fi gbà? Kí lò ń fi pamọ́ fún mi?" Ó sì bẹ̀rẹ̀ ìnájà lákọ̀tun.

Ó gbé bẹ́líìtì náà kọ́ ọrùn wọ gbaka. Obìnrin kan rò pé tẹ̀súbà ni, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàdúrà fún òun. Àtàndá ṣe é, ó tún bá a wí pé àmín rẹ̀ kò dún tó.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an, Qudirat wá kí wọn, kútẹ́ẹ̀sì pupa rẹ̀ sì sọnù. Gbogbo ilé wá a. Àtàndá bá wọn wá a, ó tẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń bínú sí olè náà ju ẹni tó ni ín lọ.

Ó ti yọ bẹ́líìtì àtijọ́ nígbà tí ibà gbé e dè. Ọsíbítù ló kú sí. Ọkọ̀ wà nínú àgbàlá lábẹ́ tapólì, bẹ́líìtì tuntun sì wà lórí ìṣó.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Noémie onílé wọlé wá. Ó fẹ́ kọ́ kíósì síbi tí ọkọ̀ wà.

"Maman Qudirat, yako. Mais samedi, ferrailleur vient chercher la voiture." Ó kí i kú ọ̀fọ̀, ó ní oníirin àlòkù máa wá gbé ọkọ̀ náà ní Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì máa fi gbé e.

Ara Ràmúlátù gbóná. Ó fi Faransé dá a lóhùn pé ilé Noémie ni, ó lè lé òun jáde, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn jáde. Tadjoudine wá pé òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

"Maman, ṣé ẹ ti po làálì sílẹ̀?" ó béèrè, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ràmúlátù fi sípánà lé e dé títì.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, òun àti Qudirat ká tapólì kúrò. Ó pẹ́ tí Ràmúlátù ti ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún Àtàndá bó ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe, tó ń bú u, tí iṣẹ́ náà sì ń wọ̀ ọ́ lórí láìfẹ́. Ó tẹ̀ wo inú ẹ́ńjìnnì. Àmì pupa kan wà lára kẹ̀kẹ́ òkè, ọ̀kan wà lára tìsàlẹ̀, wọ́n ń dán.

"Màámi, kútẹ́ẹ̀sì mi nìyẹn!" Qudirat ké.

"Olè! Olè tó bá wa wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!" Ràmúlátù pariwo.

Àtàndá kò gbà rí pé làálì kọ́ ni wọ́n fi ń sàmì. Irin ló wá bá a jẹ́wọ́. Ẹ̀rín tí Ràmúlátù kò rín láti ọjọ́ ìgbéyàwó náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì dun ún pé ó bọ́.

Wọ́n fi bẹ́líìtì sí i, wọ́n fà á le. Ràmúlátù fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ná, kó tó jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kàn án, ó sì ń bínú bó ṣe ń yí i. "Ẹ ò lè dúró parí iṣẹ́ yín! Girísì ni ogún tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún opó!" Àwọn àmì náà padà síbi tí wọ́n wà, wọn kò fi eyín kan yẹ̀.

Wọ́n yá bátìrì aládùúgbò. Qudirat jókòó sídìí ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dún. Noémie jáde, Tadjoudine sáré wá láti títì, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ náà rọra fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba ẹnu géètì kọjá.

Ràmúlátù na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè sí wọn, gbogbo rẹ̀ dúdú fún girísì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ti kúrò, níbi tí òróró ti kán sílẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Qudirat, ó ti jí o," ó wí. "Ẹ̀yin ńkọ́?"