Páìpù Èéfín Ilé Ìdáná Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré tí a ń gbé ní Ìdímù, ẹ̀yin ọmọ mi, igi ni a fi ń dáná. Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń sè tà, ìkòkò rẹ̀ sì tóbi ju ohun tí sítóòfù lè gbé lọ. Bíríkìlà ni bàbá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìdáná sí ẹ̀yìnkùlé, ó mọ ààrò sínú rẹ̀, ó sì yọ páìpù kan gba ara ògiri kí èéfín lè máa bá ibẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ ládùúgbò.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ wa. Láti ìgbà náà, tí atẹ́gùn bá ti kọlu ògiri gíga yẹn, ńṣe ló ń já wálẹ̀ sí ẹnu páìpù wa, èéfín a sì padà wọlé. Ojú ìyá mi a pọ́n, ikọ́ kì í sì í jẹ́ kó sùn.

Bàbá wẹ́dà kan wá wò ó. Ó ṣáná sí bébà, ó gbé e sẹ́nu ààrò, ó wo ibi tí èéfín ń yà sí, ó wá ní kò sóhun tó ṣe ààrò; páìpù ló kúrú, ibi tó wà kò sì dára. Ó ní kí bàbá mi gbé e jìnnà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, kó gba òrùlé jáde, kó sì ga ju òkè òrùlé lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá mi. Ẹni tó ti kọ́lé ní Ìpájà àti Gowon Estate, ṣé wẹ́dà ni yóò wá kọ́ ọ níṣẹ́? Ìyá mi rọra bẹ̀ ẹ́.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi gbé páìpù yìí sókè, jàre. Àyà ń dùn mí.”

Bàbá mi ní tí iṣẹ́ bá dilẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ kò dilẹ̀. Òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ó tán, ọyẹ́ dé.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn, bàbá mi kò lọ síbi iṣẹ́. Ó lu òrùlé, ó so páìpù mọ́ páìpù, ó ní kí n dáná. Èéfín náà lọ sókè tààrà. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà gbà. Bàbá mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó fọwọ́ bojú, ó ń sunkún. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án, ó mú mi lọ bá ìyá mi, ó sọ fún un pé òun ti gbé e sókè. Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ ṣé. Àwọn ọmọ ò ní wúkọ́ mọ́.”

Kò bi í léèrè ìdí tó fi pẹ́. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Ayé ti yí padà. Gáàsì lẹ̀ ń lò báyìí; ẹ yí bọ́tìnnì, iná jó, ẹ ò mọ bí èéfín ṣe ń ta lójú. Mo dúpẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan nínú yín ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé òun máa ṣe é tóun bá ráyè, ara mi kì í gbà á. Bàbá mi pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyá mi. Títí tó fi gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, kò kọ́ ilé ìdáná fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ pe ìyàwó ilé jáde, kó bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí èéfín gbà.