Háyà Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ẹrù Iṣu Bàbá Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Ìlá, àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì, ẹ̀yin ọmọ mi, orí ni gbogbo ẹrù ń gbà kọjá. Omi ni o, igi ìdáná ni o, iṣu ni o, orí la fi ń rù wọ́n. Èyí tó bá sì wúwo, ẹnìkan kì í dá a gbé. Bí o bá di ẹrù rẹ tán ní oko, tí kò sí ẹlòmíì lọ́dọ̀ rẹ, ńṣe ni wàá dúró tì í létí ọ̀nà títí èrò kan yóò fi kọjá, wàá sì sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù." Kò sí ẹni tí í kọ̀. Ìbáà jẹ́ ìyàwó olówó, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò di apá kan mú, ìwọ náà á di apá kejì mú, ẹ óò jọ gbé e dé orí rẹ, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo fẹ́ bá yín sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ló fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe Háyà ní àdúgbò wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinyìí lè má mọ Háyà. Ọdún méjì ni, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti parí ìwé girama, tí wọ́n fi ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún yunifásítì. Ó le, n kò ní tàn yín. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn kò pọ̀ níye, ṣùgbọ́n wọ́n á wà á dé ìdí bí ẹni ń wa kànga. Ohun tó tún wá le ju ìwé náà lọ ni ohun tí àwọn èèyàn rò pé ó jẹ́. Ní Èkìtì wa tí a ti ń fi ìwé yangàn yìí, ẹ̀rù Háyà ń ba àwọn èèyàn. Àwọn kan ní ẹni tí orí rẹ̀ kò bá tóbi kò lè ṣe é. Àwọn kan ní ẹni tó bá ṣe é kò ní í gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé wa ní Ọjà Ọba ló wá fọba lé e. Ó ní ọmọ àbúrò òun kan ṣe Háyà, pé ọjọ́ tó fi orí ru àpò sìmẹ́ǹtì báyìí ni ìwé tó wà lórí rẹ̀ dàrú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ lójú títì.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Yèyé wa létí, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi. Kò mọ̀wé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí lọ́kùnrin sì nìyẹn. Bí ìwé ti ń wù ú ni ó ń dẹ́rù bà á. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ní ẹrù kò gbọdọ̀ kan orí ẹ̀gbọ́n mi mọ́, ọkọ́ kò sì gbọdọ̀ kan ọwọ́ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀. Orí ẹja di tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rán an níṣẹ́, Yèyé á ní, "Ẹ fi í lẹ̀. Ìwé wà lórí rẹ̀." Omi tó ń pọn tẹ́lẹ̀ di tèmi. Mi ò bínú, nítorí gbogbo ilé ló mọ̀ pé orí tèmi kò ní ìwé kankan tó lè dàrú nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ ìgbé-ayé ẹyin yìí. Oko ló fẹ́ràn. Láti kékeré ló ti ń tẹ̀lé Bàbá wa lọ sí oko wa lójú ọ̀nà Ìjan. Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ nílé. Bí o bá kí i, á jẹ́ ọ, ó parí. Oko ni ẹnu rẹ̀ ti ń là, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló sì máa ń là á fún. Bí àwọn méjèèjì bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, èmi a máa gbọ́ ẹ̀rín wọn kí n tó rí wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú láti ṣàlàyé fún Yèyé. Ó ní, "Yèyé, kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún wa ní ulé-ìwé."

Yèyé dá a lóhùn pé, "Ìwọ mọ ìwé, èmi mọ ọmọ mi. Uṣẹ́ oko kì í ṣe uṣẹ́ rẹ mọ́."

Bàbá wa kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n máa tọ́ka sí òun pé òun ló ba orí ọmọ òun jẹ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ sí oko.

Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé fún ìsinmi ilé-ìwé ní àkókò tí mò ń sọ yìí, iṣu sì ti tó wà. Ọjọ́ ọjà ni, Yèyé ti palẹ̀ mọ́, èmi náà ti gbé igbá ata tí mo máa rù tẹ̀lé e. Bàbá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àdá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì jáde láti inú yàrá, òun náà mú àdá tirẹ̀ dání. Yèyé dábùú ẹnu ọ̀nà.

Bàbá ní, "Jẹ́ kí ọmọ bá mi lọ. N kò ní ní kó ru nǹkan kan. Kó ṣáà bá mi gbé uṣu náà rù, èmi ni n óò rù ú."

Yèyé ní, "Bó bá dé ibẹ̀, ṣé ẹ rò pé á máa wò yín ni? Á gba ẹrù náà lórí yín. Mo mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ló sọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí nìyẹn. Bàbá wò ó, ó wo Yèyé, ó ní, "Kò burú. Èrò ọ̀nà á bá mi gbé e." Ó sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi padà sí yàrá, ó dúró lójú fèrèsé títí Bàbá fi kọ kọ́nà.

Ẹ rántí pé ọjọ́ ọjà ni. Gbogbo èrò ọ̀nà oko ti wà ní Ọjà Ọba. Bàbá wa wa iṣu, ó dì í, ó dúró tì í. Ẹnu ara rẹ̀ la ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà: "Mo dúró, mo dúró. Mi ò rí ẹnì kan kó kọjá." Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, ó yí ẹrù náà gun orí kùkùté kan, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ dìde. Ẹrù náà yí, ó sì ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Àgbẹ̀ kan tó gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Ìjan ló rí i nílẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó pe àwọn èèyàn.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì gbé e padà wálé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ṣe Háyà mọ́. Bàbá wa, tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló kù fún un, fi ẹnu náà kọ̀. Ó ní, "Ìwé kọ́ ló ṣe mí. Parí rẹ̀."

Kò pẹ́ sí i ni tíṣà ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa. Yèyé ń sunkún, ó ń ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń ṣọ́ orí ọmọ náà kí ìwé má bàa dàrú. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Àwọn ọmọ Háyà ló ń ro oko ilé-ìwé wa. À ń lé wọn kúrò nídìí ìwé ni, kí wọ́n lọ fẹ́ atẹ́gùn." Yèyé tú gèlè orí rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò tíì rí i kí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àlejò rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ kó iṣu náà wálé. Ẹrù náà ṣì wà nídìí kùkùté, okùn Bàbá wa ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ, ó ṣe é ní òṣùká, ó gbé e lé orí, ó ní, "Bá mi gbé e rù." Mo di apá kan mú, òun náà di apá kejì mú, ẹrù sì ti dórí. Ọmọdé ni mí, kò sì ni mí lára rárá. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì sun ún wọ Òkè-Ìlá tòun ti ẹrù lórí.

Bàbá wa kò rí iṣu tuntun ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi parí Háyà, ó yege, ó lọ sí yunifásítì, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbi tó jìnnà. Bó bá wálé ọdún, tó bá rí ẹnikẹ́ni tó dúró ti ẹrù lẹ́bàá títì, á dá mọ́tò rẹ̀ dúró, á sọ̀ kalẹ̀ tòun ti agbádá funfun, á ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e rù." Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ìwé ti dàrú mọ́ bàbá yìí lórí, pé Háyà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ, ó sì máa ń dùn mí wọ egungun. Wọ́n ń sọ ọ́ títí dé ọjọ́ tí a sin ín.

Ayé ti yí padà. Kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ló ń ru ẹrù ní Adó báyìí, kò sẹ́ni tó ń dúró létí ọ̀nà de ọwọ́ ẹlòmíì. Háyà náà ti lọ, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Ọmọ ọmọ mi wà nínú ọ̀kan báyìí. Ìyá rẹ̀, ọmọ tèmi, tó jẹ́ tíṣà fúnra rẹ̀, ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ wá sí ìsìn ọ̀sán, kò gbọdọ̀ fọ abọ́, kò gbọdọ̀ bá mi ṣeré. Mo ti sọ ìtàn yìí fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ayé ìgbà yẹn yàtọ̀."

Lánàá, mo kó iṣu díẹ̀ sínú agbọ̀n fún wọn. Oníkẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀ lẹ́nu géètì, mo sì pe ọmọ náà lórúkọ. Ìyá rẹ̀ ló jáde. Ó ní, "Ẹ fi síbẹ̀, Màmá, màá wá ẹni tó máa gbé e. Ẹ má pè é. Ìwé wà lórí rẹ̀."

Ó wọlé padà. Mo wo fèrèsé ọmọ náà, mo rí i tó dúró níbẹ̀ tó ń wò mí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn dúró ti agbọ̀n iṣu mi nínú oòrùn, bí a ṣe máa ń dúró lójú ọ̀nà Ìjan, mo ń retí ẹni tí yóò bá mi gbé e rù.